Ìyókù Orin Ejiro

Tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi, kó má dẹ́rù bà yín o. Ẹni tó bá ń ta ọtí àti pẹpẹsúùpù fáwọn awakọ̀ tírélà ní Creek Road, tí kò lè pariwo, àwọn oníbàárà á gùn ún bí ẹṣin. Àmọ́ Ejiro, tó ń bá mi tajà, kì í pariwo. Ejiro ń kọrin ni.

Ọmọ Urhobo ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu ẹ̀ sì dùn ju tèmi tí mo wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Dáhùnsí á ta gìtá, Ejiro á gba máìkì, ilé ọtí mi á kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń to ìlà wọ èbúté Tin Can ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ti ń sun inú ọkọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn ò mọ orin. Ìgbàkígbà tó bá sún, ẹ ó gbọ́ họ́ọ̀nù tírélà, pàáà! Gbogbo wọn á fò dìde, torí ẹni tí ò bá sáré, àwọn tó wà lẹ́yìn á gba ipò ẹ̀, ó di ẹ̀yìn pátápátá nìyẹn.

Inú máa ń bí mi. Ejiro ní tiẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín, á dá orin dúró síbi tó bá dé. Tí wọ́n bá padà, ì báà jẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ibẹ̀ gan-an ló ti máa mú un. Bàbá Yínúsà, àgbà nínú wọn, tí kì í mu ju mínírà lọ, á ti ẹnu ọ̀nà bèèrè pé, "Ejiro, ìyókù orin wa dà?"

Ìgbà tó yá, gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ tó kọrin kẹ́yìn kó tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, họ́ọ̀nù dún bó ṣe kọ ọ́ dé "Bí mo bá délé..." Bí orin yẹn ṣe kù sílẹ̀ nìyẹn. Dókítà ní ohùn lè padà, ó sì lè má padà. Fún oṣù mélòó kan, ife ló ń bá mi fọ̀, tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí odi. Mo ń sunkún ní kọ̀rọ̀, èmi aláriwo.

Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ mi, ohùn ẹ̀ ò ju atẹ́gùn lọ. "Màmá Tẹniọlá, mo fẹ́ gbìyànjú ní Sọ́ńdè. Tí kò bá jáde, màá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Warri. Mi ò lè máa fọ ife níbi tí gìtá ti ń dún."

Sọ́ńdè dé, èrò kún. Dáhùnsí ta gìtá, Ejiro lanu: ikọ́ ló jáde. Ó tún lanu: atẹ́gùn lásán. Ibẹ̀ la wà tí họ́ọ̀nù fi dún níta, pàáà!

Ẹ wò ó, mo ṣépè. Ejiro di ojú, ó rẹ máìkì sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú òun tiẹ̀ dùn pé wọ́n máa lọ, kóun lè ráyè sunkún.

Nígbà tó lajú, kò sí ẹnì kankan tó dìde nínú wọn. Họ́ọ̀nù ń ké níta bí ẹran tí wọ́n ń pa. Bàbá Yínúsà ò tiẹ̀ gbé ìgò sílẹ̀.

"Bàbá, ìlà ti ń lọ o!" Èmi ni mo pariwo.

"Kó máa lọ. Ó ti pẹ́ tí orin ti ń dúró dè wá. Àwa náà á dúró dè é lónìí." Bàbá yíjú sí Ejiro. "Ọmọ mi, o ti délé. Ìyókù orin wa dà?"

Ejiro nu ojú, ó nu imú. Ohùn kan jáde, ó nípọn, ó ha, kì í ṣe èyí tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀: "...ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Yéè! Ilé dàrú. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń jó.

Ẹ̀yìn pátápátá ni gbogbo wọn bá ara wọn nínú ìlà. Lọ́sẹ̀ yẹn, èmi fúnra mi ni mo ń gbé pẹpẹsúùpù lọ bá wọn nídìí ọkọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Yínúsà ní ata ẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀ sójú títì, mo ń dúpẹ́, mo ń dúpẹ́, títí wọ́n fi ní kí n jọ̀ọ́ dìde kí tírélà má baà gbá mi.