Àjàrà Igbó Tí Mo Fọ̀

Ọdún tí oòrùn jó koríko Hamburg ní Jámánì di pupa, tí àwa tó ti Nàìjíríà wá pàápàá ń pariwo ooru, ọdún yẹn ni. Mò ń gbé lọ́dọ̀ màmá ẹ tó jẹ́ ọmọ mi, ní àdúgbò Osdorfer Born. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọọmọ mi.

Ilẹ̀kùn ìyá ará Kòríà kan ló kọjú sí tiwa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Opó ni wọ́n. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ tí ọkọ wọn kú bá pé, wọ́n á gbé ọtí àjàrà igbó ìlú wọn lọ sí sàréè rẹ̀. Ọkọ yẹn fúnra rẹ̀ ló gbin àjàrà náà sí ọgbà àbúrò wọn ní Berlin. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, orúnkún ń yọ àbúrò náà lẹ́nu, kò lè bomi rin ín, agbọ̀n kan péré ló so. Èmi àti ìyá náà la wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ká a.

Èso rẹ̀ kéré, ó dúdú, nǹkan funfun bí eérú sì bò ó lára. Nígbà tí a délé, ìyá náà lọ sinmi. Mo bá fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí à á ti í fọ ẹ̀fọ́, mo nù ún títí ó fi ń dán.

Ìyá náà jí, wọ́n rí i, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ìwọ lo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn: “Màmá àgbà, wọ́n ní nǹkan funfun yẹn ló ń mú kó hó di ọtí.”

“Ìdọ̀tí yẹn?”

“Wọ́n ní kì í ṣe ìdọ̀tí.”

Bí kò bá hó, ọwọ́ òfo ni wọ́n máa gbé lọ bá ọkọ wọn.

Wọn ò bínú. Wọ́n tẹ èso náà fọ́, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n dà á sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n faṣọ bò ó. Ọjọ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó dákẹ́ lọ gbári. Èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í fẹnu kan ọtí, mo wá kúnlẹ̀, mò ń gbàdúrà kí ọtí hó!

Màmá ẹ ní, “Màámi, ṣé ẹ máa jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre.”

Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyá náà kanlẹ̀kùn, wọ́n fà mí lọ́wọ́. Mo gbé etí lé ìkòkò. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́! Wọ́n ṣí aṣọ: ìfófó ru sókè bíi ti ẹmu, èèpo àjàrà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, láìsí iná lábẹ́ ẹ̀. Omi iyọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ohun tí ojú mi ò rí ṣì wà lára ẹ̀. Olúwa! Omi ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi náà tẹ̀ lé wọn dé sàréè. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì da ọtí náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe màmá ẹ àtàwọn àbúrò ẹ̀. Mo ní, “Tí mo bá lọ, ẹ má gbé ọtí wá bá mi o. Ẹ má sì ra òdòdó ṣọ́ọ̀bù wá. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbìn, ì báà jẹ́ ata kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ gbé wá.”