Ìbejì Ilé Iṣẹ́ Wa

Ìyá Wa ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Sango. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ yá wà ní Ojú Ore. Ẹ̀rọ kan náà la jọ ń mójú tó, èyí tó ń fẹ́ ike gbígbóná di ìgò omi. Òun ló kọ́ mi pé kí n má fi ojú nìkan wo ìgò, kí n máa fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀. Bí mo bá jáde nílé láìjẹun, inú báàgì rẹ̀ ni àkàrà mi ti ń jáde.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ ṣe ìbejì fún ilé iṣẹ́, ẹ̀rín la fi ṣe. Ẹnjinníà tí wọ́n rán wá ló là á yé wa pé inú kọ̀ǹpútà ni ìbejì náà yóò wà. Bí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ bá ń gbóná, ti inú kọ̀ǹpútà á fi hàn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yí nǹkan padà, ara ìbejì ni wọn yóò ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n lẹ irin kéékèèké mọ́ ara àwọn ẹ̀rọ, kí ìbejì náà máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbóná àti bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Nítorí pé mo ka ìwé díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, èmi ni wọ́n ní kí n máa mú ẹnjinníà náà káàkiri. Ìyá Wa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun ti ń di ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n pè wá sí yàrá òkè wá wò ó. Ẹ̀rọ wa rèé lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣiṣẹ́ bí èyí tó wà nísàlẹ̀ gan-an. Ìyá Wa sún mọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Èmi dà?" ló bi ẹnjinníà.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ nìkan la yà síbẹ̀."

"Kò burú. Ilé tí ò sí èèyàn, kò ní dọ̀tí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rín. Ó máa ń dùn mí títí dòní pé inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ká sòótọ́, ìbejì náà wúlò. Ẹ̀rọ kì í dédé kú mọ́, iná ò sì jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún àwọn ẹ̀rọ tò nínú kọ̀ǹpútà, ó hàn pé bí méjì bá kọjú síra, ẹnì kan tó láti mójú tó méjèèjì. Wọ́n tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé èmi lọ sí yàrá òkè kí n máa wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí Ìyá Wa lọ sí ilé iṣẹ́ wọn kejì ní Àgbárá, tó jìnnà sí Ojú Ore.

Kò lè lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa sáré délé lọ́sàn-án láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo bá máníjà sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní àyè ò sí mọ́ nísàlẹ̀. Kò parọ́. Èmi náà ń rí i lójú kọ̀ǹpútà pé àyè ò sí.

"Má da ara ẹ láàmú," Ìyá Wa sọ fún mi ní géètì. "Kádàrá ni. Jókòó ti iṣẹ́ ẹ."

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọkọ náà kú sí. Iléyá ti kọjá kí n tó ráyè lọ kí Ìyá Wa. Ó ti rù, àmọ́ ara rẹ̀ le. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ ká òwú òfì. Ó béèrè àwọn tí a jọ ń wọ ṣíìfù, mo ní èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́.

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ wa báyìí?"

Mo ní ọkùnrin kan ni, pé n kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó mi orí. Nígbà tó yá, ó sìn mí dé gáréèjì, ó sì dúró tì mí. Ọ̀rọ̀ òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ la ń sọ títí ọkọ̀ fi kún.