Bàbá Éloi Dá Kánádà Lóhùn

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Glazoué, tí àwọn òkè Ìdáàṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, ẹ ó rí àtẹ́líè Bàbá Éloi, ilé iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ni Évariste, ọmọṣẹ́ rẹ̀, ti ń jó irin pọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ní Kèrè, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ibi tí irin méjì bá ti pàdé lábẹ́ ọwọ́ Évariste, ojú nìkan kò lè rí i, àfi kéèyàn fi ìka wá a.

Bàbá Éloi kò bí ọkùnrin. Kò sọ ọ́ rí pé Évariste ni ọmọ òun, àmọ́ bí oúnjẹ bá dé, kì í bu òkèlè àkọ́kọ́ kí Évariste tó jókòó.

Ìgbà òjò tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, tó ń wá àwọn tó mọ irin-ín jó, rí iṣẹ́ Évariste lórí fóònù. Wọ́n ní kó jó irin lójú àwọn. Ó dúró di ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá Éloi lọ sí Mísà, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó jó o. Obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀hún pariwo ayọ̀. Ó ní àwọn yóò dúró fún un níwájú ìjọba àwọn, àwọn yóò gba físà iṣẹ́ fún un. Ohun kan ló kù: kí àwọn gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ pé lóòótọ́ ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́. Évariste fún un ní nọ́ńbà Bàbá Éloi.

Ṣé kò yẹ kó ta baba náà lólobó? Ó yẹ. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ti fà á létí ní Kèrè.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀ ọ̀hún ná."

"Bàbá Éloi ńkọ́, Màmá?"

"Bàbá Éloi náà lẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe níhà ibí. Inú fọ́tò tí yìnyín bo ilẹ̀ ni aládùúgbò ti ń mọ̀ pé èèyàn ti lọ. Ká sì sọ òótọ́, ojú tí Évariste yóò fi wo baba náà, tí yóò fi ní òun ń lọ, kò ní in.

Ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Bàbá Éloi tó ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó, mo ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn! Obìnrin kan pè mí, ó ń sọ Faransé nímú. Ṣé mo mọ̀ ọ́? Ọdún mélòó lo ti wà lọ́dọ̀ mi? Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Mo ní háà, ta ló ń béèrè irú èyí bí kò ṣe ọlọ́pàá? Mo ní, 'Mádàámù, kò sí Évariste kankan níbí.' Ó tún bi mí, mo tún sẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pa fóònù. Èmi kọ́ ni wọn yóò ti ẹnu mi mú ọ!"

Évariste bọ́ sẹ́yìn àtẹ́líè, ó pe Kánádà. Obìnrin náà kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní bí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bó ṣe wí, kí ló dé tó fi sẹ́ ẹ? Évariste ṣàlàyé, ṣàlàyé. Ní èdè Ìdáàṣà, ọ̀rọ̀ náà yé òun fúnra rẹ̀ yékéyéké, ṣùgbọ́n ní Faransé, irọ́ ló jọ. Obìnrin náà ní àwọn kò lè dúró fún ẹni tí àwọn kò mọ òtítọ́ rẹ̀, àti pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Omi tán lẹ́yìn ẹja.

Ó sunkún níbẹ̀, ó fi apá nu ojú, ó padà wọlé.

"Ṣé wọn kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́?"

"Wọn kò ní pè mọ́, Bàbá."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú baba náà dùn dé ibi tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ọ kúrò lọ́dọ̀ mi láéláé."

Évariste ṣe àmín.