Ta Ló Sun Ohùn Bàbá Cornelius?

Bàbá Cornelius Mákánjúọlá ti kú. Orí àga ni wọ́n ti bá wọn nínú apartment wọn, fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ò gbọ́ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa sin wọ́n dáadáa. A kọrin, a jẹ ìrẹsì, a ní wọ́n ti lọ sinmi. Irọ́ ni. Sátidé la sin ara wọn. Mọ́ńdè la bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìyókù.

Ẹ má bínú sí mi. Èmi Lékè, fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti já ìwé jù sílẹ̀, àmọ́ tí mo bá kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí, láti Third Ward títí dé Spring, ní Houston wa níbí, ni wọ́n ti ń kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní dìgírì mẹ́ta, ẹ kọ tiyín ká wò ó.

Ẹ mọ Bàbá Cornelius sí bàbá aláìléyín tó máa ń jókòó lẹ́yìn ní Sunday, tó ń fi ìka lu itan. Ẹ ò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n wá kàwé ní Houston, trumpet, fèrè onídẹ yẹn, ló gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Àwọn àti aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà mẹ́rin, bàńdì ẹlẹ́ni márùn-ún. Hard bop ni wọ́n ń pe irú jazz tí wọ́n ń ṣe: orin tó gbóná, tó ń mí bí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Wọ́n wọ studio, wọ́n gba orin sílẹ̀ títí téèpù fi kún àpótí. Ilé-iṣẹ́ tó ni studio tẹ awo kan ṣoṣo, ó ju ìyókù sínú ilé ìkẹ́rù. Nígbà tó fẹ́ kógbá wọlé, ó ní kí wọ́n wá kó pàǹtí wọn.

Pàǹtí. Ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ fáànù ló ń yí ní pálọ̀ wọn nínú ooru Houston? Téèpù ni wọ́n gbé éésì fún, ní yàrá, kí ooru má baà bà á jẹ́. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé téèpù yìí ló bí yín ni?"

"Èmi ni mo bí i. Jókòó jẹ́jẹ́, Lékè, ariwo ẹnu ẹ ju ti freeway lọ."

Nígbà tí eyín wọn tán, wọn ò lè fun trumpet mọ́. Inú téèpù nìkan ni èémí wọn kù sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí Ọmọ́níkẹ́, ọmọbìnrin wọn. Ọmọ yẹn ò gbọ́ fèrè bàbá ẹ̀ rí.

Ní Mọ́ńdè, Alàgbà Ọláwọlé, olórí ìjọ wa, kó àwọn téèpù náà láti apartment Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ká máa fi gba ìwàásù sílẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan án.

Ohùn kan jáde. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń gbé ara ẹ̀ mì, bí ẹni tó ń mí sínú tí kò mí síta. Èmi náà sá sẹ́yìn.

"Ohun tí wọ́n ń wí lórí rédíò nìyí," Alàgbà ní. "Sátánì inú orin."

"Alàgbà, bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́," Ọmọ́níkẹ́ ní.

"Ṣé ẹ̀rọ ló ń mí báyẹn?"

A kó o sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣáná sí i. Èéfín dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́fun. Ibẹ̀ ni Mr. Charles bá wa. Àwọn ló ń lu ìlù nínú bàńdì yẹn, àwọn nìkan ló kù láyé.

"Ta ló tan téèpù láì kọ́kọ́ rewind ẹ̀?" wọ́n béèrè.

Ẹ gbọ́ o. Àwọn ará studio kì í rewind téèpù, wọn kì í yí i padà síbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e pamọ́, kí orin má baà dà lu ara wọn. Ìparí ló máa ń wà níta. Tí o bá tan án bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni orin á ti máa bọ̀. Mr. Charles fa ọ̀kan yọ nínú èyí tí iná ò tíì kàn, wọ́n rewind ẹ̀, wọ́n tan án. Trumpet ké.

Ọmọ́níkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Daddy mi nìyẹn?"

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti lé Bàbá Cornelius jáde kúrò nínú Bàbá Cornelius. Kí sì lẹ sọ? Ẹ ní, "Mo ti kéde fún ìjọ pé Sátánì ni." Ó tán. Ẹ ti téèpù tó kù mọ́ yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ìgbìmọ̀ wo? Ọmọ́níkẹ́ ń béèrè, ẹ ní kó máa gbàdúrà. Ṣé torí kójú má tì yín lọmọ ò fi ní gbọ́ bàbá ẹ̀?

Yàrá yẹn gbóná bí ààrò. Ìjì ọdún tó kọjá ti ṣí páànù orí ẹ̀, ọ̀rá la fi bò ó. August, oṣù ìjì, ti dé, ojú ọ̀run ti ń ṣú láti apá òkun. Tí a bá ń kọrin ní Sunday, mo ń gbọ́ omi tó ń kán lẹ́yìn ògiri.

Ilé-iṣẹ́ tó pe iṣẹ́ Bàbá Cornelius ní pàǹtí, ẹ jáde ká rí yín. Alàgbà, ní Sunday tó ń bọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ẹ fún Ọmọ́níkẹ́ lójú gbogbo ìjọ, kí ẹ sì fi ẹnu tí ẹ fi pe orin bàbá ẹ̀ ní Sátánì sọ pé ẹ ṣì í ṣe. Tí òjò bá ṣáájú yín débẹ̀, ẹ má pè é ní àmúwá Ọlọ́run. Orúkọ yín la máa pè é.