Ọjọ́ Tí Ara Zulaikha Tutù

Ọdún kejìlélógún rèé tí Múrítàlá ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè-Ṣópẹ̀n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ apẹja ni, Èfìrè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n òyì máa ń kọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó lọ kàwé. Ó kà á dé ibi tí agbára mọ, ó kọ́ṣẹ́ lábù, ó sì di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Múrí Ẹlẹ́jẹ̀. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á fi apá pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín. Kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wọnú ìgò, á kọ nọ́mbà sínú ìwé, á gbé e fún dókítà, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Zulaikha ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà dé, ó sì lọ dùbúlẹ̀ láì bọ́ bàtà.

"Ẹ̀yìn ojú ń ro mí," ló wí. "Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò tì í láti inú wá. Bàbá Shukurat, gbogbo egungun mi ló ń fọ́."

Ara rẹ̀ gbóná janjan. Múrítàlá gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá malaríà ni, kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, Zulaikha lo oògùn malaríà bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ibà náà kò tilẹ̀ mì. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Múrítàlá rántí páálí kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ fíríìjì lábù. Olùkọ́ obìnrin kan ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá, ló pín in fún àwọn lábù ní èṣí. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ ibà dẹ́ńgè wò ló wà nínú rẹ̀, ibà tí ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ abilà, èyí tó ń jẹni lọ́sàn-án, máa ń kó ranni. Ìwádìí tí obìnrin náà ń ṣe ni pé kí ni ẹ̀jẹ̀ lè tètè sọ fúnni: nínú àwọn tí ibà yìí bá mú, ta ni ara rẹ̀ yóò yá wẹ́rẹ́, ta sì ni yóò wọnú ewu?

Múrítàlá kán ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sí i. Ìlà méjì yọ: dẹ́ńgè ni. Ó pe Ẹ̀bùnọlá lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí oògùn tó ń pa á," Ẹ̀bùnọlá ní. "Kó máa mu omi dáadáa, kó lo parasitamọ́ọ̀, ẹ má fún un ní oògùn ìrora mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Nǹkan méjì ni kí ẹ máa wò pọ̀: pilétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti PCV rẹ̀."

Ìyẹn yé Múrítàlá. Pilétílẹ́ẹ̀tì ni àwọn hóró wínníwínní tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ṣá bí èèyàn bá fara pa. PCV ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó.

"Bí pilétílẹ́ẹ̀tì bá ń já wálẹ̀, tí PCV sì ń gòkè," Ẹ̀bùnọlá tẹ̀ síwájú, "omi ló ń jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ẹ má fi falẹ̀ o."

"Ìgbà wo ni kí n máa ṣọ́ra fún un jù?"

"Nígbà tí ibà náà bá lọ."

Lọ́jọ́ náà, pilétílẹ́ẹ̀tì Zulaikha jẹ́ 140,000, PCV rẹ̀ sì jẹ́ 36. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 92,000 àti 39. Múrítàlá jókòó ti ìwé náà, kò lè jẹun.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ara Zulaikha tutù.

"Alihamudulilahi!" Màmá Ìbíkẹ́, ìyá Zulaikha, ló ń ké bẹ́ẹ̀. Òun ló ti ń sùn tì í láti Ọjọ́bọ̀. "Ọma mi ti là á já! Ẹ̀kọ ló ń bèèrè. Ẹ wá kó wa lọ sílé."

Múrítàlá fa ẹ̀jẹ̀, ó gbé e lọ sí lábù. Ẹ̀rọ kọ 38,000. PCV, 45. Ó tún un ṣe, ẹ̀rọ kọ 37,000. Ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, ó tẹjú mọ́ ọn nínú maikirosíkóòpù kó lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Àwọn hóró náà fọ́n káàkiri, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí oko àgbàdo tí ẹyẹ ti ṣà tán.

Orúkọ kan tó ti ń sá fún láti oṣù tó kọjá wá sí i lọ́kàn. Jedidiah. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè ni, ọmọ gíga kan tó máa ń dápàárá. Ibà ló gbé e wá. Nígbà tí ara rẹ̀ sì tutù, wọ́n ní kó máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kọ 41,000 fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iná ti lọ, ó tún ti dé lẹ́ẹ̀mejì. Múrítàlá rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Ó fa igi lé nọ́mbà náà, kò sì tún un yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ náà padà wá, kò mí mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Kò sì sẹ́ni tó bi Múrítàlá.

Ó bá Dókítà Ṣèyí, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Zulaikha, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ."

Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó gbójú sókè. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni, ẹ̀gbọ́n. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ wa yìí…"

"Mo fojú kà á." Níbẹ̀, tí àwọn aláìsàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sọ ti Jedidiah fún un, àti igi tó fà lé nọ́mbà rẹ̀.

Ṣèyí yíjú padà, ó wọ yàrá lọ, ó ní kí wọ́n so dírípù.

Inú bí Màmá Ìbíkẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ wo ló tún kù tí ẹ fẹ́ fà? Múrítàlá, ara ọma mi ti tutù! Fọwọ́ kàn án!"

Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi inú ìkòkò, ìyẹn gan-an ló sì mú àyà rẹ̀ já sí i. Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, kó di ọ̀la péré. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi kú."

Zulaikha wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá Shukurat, kí lẹ rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi?"

Múrítàlá fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà ọ̀sán tán ni ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í run Zulaikha. Ó bì, ó tún bì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di yìnyín, kò lè dùbúlẹ̀ sójú kan. Ṣèyí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù. Ó pẹ́ kó tó rí i. Múrítàlá mú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tàsé iṣan lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà gbà á, ó fa ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ̀rọ fi ń yí ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn tó lè ka PCV. Ní ọdún méjìlélógún, kò mọ̀ rí pé ìṣẹ́jú márùn-ún gùn tó bẹ́ẹ̀. 49.

"Ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá?" ló bi dókítà.

"Bí a bá gbé e sórí títì báyìí, kò ní dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá omi padà sínú iṣan rẹ̀." Ṣèyí ṣí dírípù náà, ó ń wo aago, ó ń wọn omi náà bí ẹni ń wọn oògùn, nítorí bó bá pọ̀ jù, ó lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Wákàtí kan kọjá. 49, bákan náà. Múrítàlá ń lọ, ó ń bọ̀, láti yàrá sí lábù, láti lábù sí yàrá. Àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ kò parí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó di 46. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ó di 41. Ayọ̀ kò tíì dé ojú rẹ̀ tí ẹ̀rù mìíràn fi gbá a mú: bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà síkùn Zulaikha ńkọ́? Ìyẹn náà lè fa PCV wálẹ̀. Ó sáré já wọ yàrá.

"Dókítà, ó já! Ó já sí 41!"

Ṣèyí ṣì di ọwọ́ Zulaikha mú. "Iṣan rẹ̀ ti ń lù dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó sì ti tọ̀. Omi ló padà síbi tó yẹ kó wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Màmá Ìbíkẹ́ wá jókòó tì í, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un.

Ní ọjọ́ Àìkú, pilétílẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní 35,000. Ní ọjọ́ Ajé, 52,000. Lẹ́yìn náà ó ń gòkè lọ. Zulaikha padà sílé, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè dúró níwájú kíláàsì. Irun orí rẹ̀ re jọjọ, ó ní kò sí ìyọnu, irun á hù.

Múrítàlá kó nọ́mbà ẹ̀jẹ̀ méjèèjì, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti Jedidiah, lọ bá Ẹ̀bùnọlá. Obìnrin náà fara balẹ̀ kọ wọ́n sílẹ̀. Ó ní ẹni méjì kò tó láti fi mọ ẹni tí yóò wọnú ewu. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn púpọ̀ ni òun ṣì ń wá. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Múrítàlá kò bèèrè: oríṣi mẹ́rin ni dẹ́ńgè, bí òmíràn bá sì mú ẹni tí ọ̀kan ti mú rí, ó lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Múrítàlá kò sọ ìyẹn fún Zulaikha. Ó kàn sọ pé òun fẹ́ tún ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ó da omi inú gbogbo garawa nù, ó gbé táyà àlòkù mẹ́rin jù sẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀, ó kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ gbogbo fèrèsé. Zulaikha dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ràn iṣẹ́ ilé tó báyìí rí?" ló bi í.

"Wọlé lọ," Múrítàlá dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Ọ̀sán ni ẹ̀fọn wọ̀nyí ń jẹni. Jọ̀ọ́, wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn."