Irun Èyítáyọ̀ Lọ́sẹ̀ Ìwọlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ilé ìwé ti fẹ́ wọlé ní Galadimawa l'Abuja, kó má wulẹ̀ wo kàlẹ́ńdà. Kó wá wo iwájú ilé mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé ni àwọn ọmọbìnrin máa ń tò sórí bẹ́ǹṣì bí ẹyẹ orí wáyà, tí ìyá wọn á dúró tì wọ́n, ooyà lọ́wọ́ kan, ìwé pélébé tí ilé ìwé kọ orúkọ irun ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sí lọ́wọ́ kejì. Ṣùkú ni ti ilé ìwé kan, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni ti òmíràn. Felicia ìyàwó mi ni onídìrí wọn. Èmi tí mo jẹ́ baálé ilé, n kì í ríbi jókòó lọ́sẹ̀ náà. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe káàkiri àwọn ẹ́sìtéètì, tí mo bá sì ń jáde lọ láàárọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ á kí mi pé, "Sànnu, Bàbá Èyítáyọ̀," láìgbójú sókè, bí ìgbà tí èmi gan-an wá dirun.

Ará Kábà ni Felicia, bíi tèmi. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń dirun. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í fa irun ya. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà: orí Èyítáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ni yóò dì kẹ́yìn, lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí bẹ́ǹṣì bá ti ṣófo. Bí oníbàárà kan bá sáré dé lákòókò náà, á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn," ni yóò wí.

N kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀sán Sátidé yẹn títí di ọdún yìí. Èyítáyọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Abuja la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì gbọ́ èdè Kábà tiwa dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá fi wọ́n bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àfi tó bá jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ti kọ sí ògiri, tí ìka ìyá rẹ̀ bá ti wà lórí rẹ̀, ahọ́n ọmọ yìí á tú. Ibẹ̀ ló ti sọ pé ọ̀rẹ́ òun kò bá òun ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ló ti bèèrè ìdí tí òun kò fi ní àbúrò. Ìbéèrè tí kò lè wojú ìyá rẹ̀ bi í, ìpàkọ́ ló fi ń bi í, Yorùbá ló sì ń fi bi í.

Lóṣù keje, ó yege ìdánwò láti wọ ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan lápá Kuje, èyí tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Inú wa dùn. Felicia ò sọ̀rọ̀ méjì lọ́jọ́ náà kó má fi ti ìdánwò yẹn sí i. Lóṣù kẹjọ, wọ́n fi ìwé àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó wá ránṣẹ́. Mo jókòó, mo ń kà á fún un: mátírẹ́ẹ̀sì, báàkẹ́tì, àdá, ìgbálẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlà kẹtàdínlógún, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọlé.

"Ẹ tún un kà," ni Felicia wí.

Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé mìíràn fún Èyítáyọ̀, kí n fo ìlà yẹn, pé òun fúnra òun ni yóò sọ fún ọmọ náà nígbà tó bá yá. Èmi àgbàlagbà yìí náà mú bírò, mo kọ ọ́, mo fò ó. Ìwé tòótọ́ wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sọ nǹkan kan.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ayé ló ń ṣe é. Irun Èyítáyọ̀ gùn dé èjìká, ó sì nípọn. Òun gan-an ni pátákó ìpolówó ìyá rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyá Èyítáyọ̀, irun ni, yóò hù. Kì í ṣe etí ni wọ́n ní ká gé." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ ìwọlé wá dé. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ gba ojú ọ̀nà kan. Èmi àti Èyítáyọ̀ lọ sí ọjà Kuje lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ìwé tí mo dà kọ mú, ó ń fi bírò fa ìlà sí ohun tí a bá ti rà. Ó ra báàkẹ́tì, ó fa ìlà. Ó ra àdá, ó fa ìlà. Ó ṣe é lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni tó gbára lé ìwé náà pátápátá, ojú sì ń tì mí. Nígbà tó parí, ó tún wo ìwé náà lókè àti nísàlẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Daddy, is this everything?" ló bi mí.

Mo ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo bá Felicia nídìí ààrò. Mo ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Sọ fún ọmọ yìí."

"Mo mọ̀," ló dáhùn. Kò wojú mi. "Bàbá Èyítáyọ̀, ẹ ń rò pé irun ló ń dùn mí. Tí mi ò bá nírun tí mo máa dì fún un mọ́, kí ni màá pè é jókòó fún? Ta ló máa sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún mi?"

N kò ronú dé ibẹ̀ rí.

Nígbà tó di Sátidé, ó tún pè é jókòó. Ṣùkú ló dì fún un, irú èyí tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín. Ó gbà á ní wákàtí mẹ́rin. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, Èyítáyọ̀ ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Felicia wọlé wá bu omi mu, ó sì sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé tí àwọn ará ilé ìwé bá rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lórí ọmọ yìí, wọn ò ní lè fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Inú bí mi. Mo ní, "Mẹ́tírọ́ọ̀nù tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀ kì í ṣe oníbàárà rẹ o." Mo pe ọmọ náà wọlé, mo sì sọ fún un pé ìlà kan wà nínú ìwé tí mo fò.

Ó wolẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lóṣù keje, nígbà tí èmi ń bá aṣọ́nà fa ọ̀rọ̀ ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí, òun rí àwọn ọmọ ilé ìwé náà tí wọ́n ń gbálẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó nírun lórí.

"O mọ̀," ni Felicia wí, "o sì jókòó fún wákàtí mẹ́rin?"

Èyítáyọ̀ gbójú sókè. Yorùbá ló fi dáhùn, ó ń wojú ìyá rẹ̀. "Kò sí lórí list tí Daddy fún mi. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín."

Felicia bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ọmọdé, èmi náà sì yíjú sí ògiri. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà lọ mú sísọ́ọ̀sì wá fúnra rẹ̀. Ó ní kì í ṣe barber ni yóò gé e. Ó tún jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀, Felicia sì tú irun náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó gé e. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, a gbé e lọ. Lẹ́nu géètì, mẹ́tírọ́ọ̀nù ń fọwọ́ pa orí àwọn ọmọ wò. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ní kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irun dídì dáadáa ló wà lórí wọn, àwọn ìyá wọn sì ń bẹ̀bẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí Felicia, kò wò mí. Mẹ́tírọ́ọ̀nù fọwọ́ kan orí Èyítáyọ̀, ó ní ta ló gé e mọ́ tó báyìí. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ni, ó na sísọ́ọ̀sì sí Felicia, ó ní, "Madam, abeg, help us with these ones."

Felicia jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ náà sáàárín orúnkún. Kíkẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Felicia di irun rẹ̀ mú, ó dá ọwọ́ dúró. Ló bá dìde, ó na sísọ́ọ̀sì sí ìyá ọmọ náà.

"Ẹ wá jókòó síbí, mà," ló wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé e. Màá máa fi ibi tẹ́ ẹ máa gbé e gbà hàn yín. Ẹ jẹ́ kó máa bá yín sọ̀rọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn obìnrin náà, ó ń tọ́ka. Ìgbà yẹn ni wọ́n pe orúkọ Èyítáyọ̀. Ó gbé báàkẹ́tì rẹ̀, ó ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó yíjú padà, ó wá ìyá rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀yìn ni Felicia kọ sí i. N kò pè é, nítorí n kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Èmi ni mo juwọ́ padà.

Nígbà tó yá, Felicia nàró, ó wá ọmọ rẹ̀ káàkiri.

"Ó ti wọlé," ni mo wí.

"Ṣé kò sunkún?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò sunkún. Mo wo ojú rẹ̀.

"Ó sunkún díẹ̀," ni mo wí.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó fi etí gèlè nu ojú. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi," ló wí, a sì jọ rìn lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí.