Ọjọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Táyé Lọ Síbi Iṣẹ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé. Epo ti wọ́n, owó ọ̀kadà láti Lánlátẹ̀ sí Èrúwà sì ti kọjá agbára tíṣà bíi tèmi. Ni mo bá nu eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ Táyé, ìkejì mi tó lọ sí Èkó. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Èkó la máa ń sọ pé ó lọ.

Nígbà tí mo dé òkè Èrúwà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Obìnrin kan tó ń lọ oko bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ṣé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn yín ni?"

Inú bí mi. Bí mo ṣe dé orí òkè, mo tún gùn ún, mo ń sáré lọ sísàlẹ̀, mo ń tẹ aago kíkankíkan.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni ilé àwọn àna Táyé wà. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kó lọ pẹ̀lú Rùkáyátù, ọmọ wọn. Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó já sójú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo tẹ bíréèkì, kò mú. Mo yí kẹ̀kẹ́ sínú gọ́tà, mo fi èjìká lulẹ̀.

Rùkáyátù kò fara pa. Ó sáré wá dì mọ́ mi lọ́rùn.

"Bàbá! Ẹ ti ti Èkó dé! Kí lẹ rà bọ̀ fún mi?"

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bojú. Mo fi ọwọ́ kan gbá ọmọ náà mọ́ra.

Èjìká mi ti san. Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo ti tú aago rẹ̀ dànù. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni Rùkáyátù ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí ará Èkó.